Ọ̀kẹ́ Kan Lé Mọ́kànlá

Ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù ni mo lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Àgọ́-Àrẹ. Ìṣirò ni mò ń kà, mo sì ti wà ní ọdún kẹta, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ìṣirò náà ti sú mi. Ó ti di ohun tí mò ń há sórí lásán, bí ẹni tó ń lo oògùn tí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe lára òun. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà fi wọ oṣù kẹta, mo ti ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ṣakí níbi tí ilé wa wà, mo ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí Màmá àgbà fi ṣubú lẹ́bàá kànga ní Àgọ́-Àrẹ. Egungun wọn kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n itan ń dùn wọ́n, wọn kò lè rìn jìnnà mọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn àgbà, fẹ́ kó wọn wá sí Ṣakí. Wọn kò gbà.

"Wọ́n ní àwọn ní iṣẹ́ kan tí àwọn gbọ́dọ̀ parí kí àwọn tó kúrò nílé," ni ìyá mi wí fún mi. "Ìwọ ló ráyè. Lọ bá mi wo irú iṣẹ́ tí arúgbó ń ṣe tí kò ṣe é fi sílẹ̀."

Ilé Màmá àgbà wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pápá, pápá ọ̀hún sì lọ títí tí ojú kò fi tó o mọ́: koríko, igi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn àpáta tó jókòó bíi màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dá. Láàárọ̀, kùrukùru a máa dìde láti ilẹ̀, a fi ìdí àpáta pamọ́, orí àpáta nìkan á wá léfòó bí ẹni pé kò so mọ́ ohunkóhun. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wò ó. Kò sí iná mànàmáná, nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í sì í dúró. Ọjọ́ méjì péré, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ aago mọ́.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí Màmá kírun àṣùbáà tán, mo gbọ́ tí nǹkan ró kó! nínú yàrá wọn, bí ìgbà tí nǹkan líle bá já sínú ìkòkò. Láàárọ̀ kejì, mo tún gbọ́ ọ. Láàárọ̀ kẹta, mo béèrè.

"Màmá, kí lẹ máa ń jù sínú ìkòkò lẹ́yìn ìrun?"

"Ọjọ́ ni," ni wọ́n wí, wọ́n ń ká ẹní ìrun wọn.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n fọwọ́ pè mí wọlé. Ìkòkò omi mẹ́ta ló wà ní igun yàrá, wọ́n fi ọmọrí bo méjì, ìkẹta ṣí sílẹ̀. Mo yọjú wò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, òkúta odò, kò sí èyí tó ju èékánná lọ nínú wọn, pupa, eérú, funfun, gbogbo wọn ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde.

"Ọjọ́ tí bàbá yín àgbà lọ sí Gáńnà ni mo bẹ̀rẹ̀," ni Màmá wí. "Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, oyún wà nínú mi. Mo bi í pé oṣù mélòó ló máa lò. Ó ní, 'Má ka oṣù, oṣù máa ń falẹ̀. Ọjọ́ ni kó o máa kà.' Èmi kò mọ̀wé. Mo lọ ṣa òkúta létí odò Òfìkì, mo sì ń ju ọ̀kan sínú ìkòkò láràárọ̀."

"Ṣé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé?"

"Ó lé ní ọdún méjì. Ìgbà tí wọ́n lé àwọn àlejò kúrò ní Gáńnà ló dé, ẹrù rẹ̀ kò ju ohun tó lè fi orí rù lọ. Mo ní ó ti dé, kí n dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun tán, ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Bàbá yín rí mi. Nígbà tó ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó gba etí odò, ó bu òkúta kún fìlà rẹ̀, ó gbé e fún mi."

Láti ìgbà náà ni Màmá kò ti fo ọjọ́ kan. Bàbá àgbà darúgbó, wọ́n kú, òkúta ń bọ́ sínú ìkòkò. Àwọn ọmọ gbéyàwó, àwọn mìíràn lọ sílé ọkọ, òkúta ń bọ́ sí i. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kà á.

"Iṣẹ́ tó kù nìyẹn," ni wọ́n wí. "Mi ò lè gbé ohun tí mi ò mọ iye rẹ̀ rìnrìn àjò. Ìwọ ni wọ́n ní ò ń ka ìṣirò. Bá mi kà á."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń bu òkúta wá látinú ìkòkò tó ṣí, Màmá na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú, a ń kà. Èmi tí mò ń ka ìṣirò ní yunifásítì, oókan oókan ni mò ń kà, ojú mi á sì gbé lọ sí pápá, màá gbàgbé ibi tí mo dé. Màmá kì í kà báyẹn. Ìka wọn á gbá márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, á tún gbá márùn-ún, ẹnu wọn kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró. Bí márùn-ún bá pé ní ọ̀nà ogójì, igba kan ti pé nìyẹn, wọn á ṣù ú jọ bí ebè kékeré, wọn á bọ́ sí òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ díẹ̀ la fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò sáré gba orí ẹní lọ́jọ́ kan, ó tú òkìtì mẹ́ta ká, a tún wọn kà. Obìnrin Fúlàní kan tó máa ń kiri wàrà dúró níwájú ilé wa, ó wo gbogbo òkìtì náà.

"Màmá, kí lẹ̀ ń tà?"

"Ọjọ́ là ń kà," ni Màmá dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun kì í ka màlúù rárá, ojú ló fi máa ń wò wọ́n láàárọ̀, á sì mọ̀ pé ọ̀kan ti sọnù. Ó bu wàrà fún wa, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, àwa sì padà sẹ́nu kíkà. Ooru ọ̀sán máa ń mú kí afẹ́fẹ́ gbọ̀n lórí pápá. Ìgbà mìíràn, Màmá á sùn lọ, ìka wọn á ṣì máa gbá òkúta tí kò sí níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ìkòkò àkọ́kọ́, èyí tó pẹ́ jù, ọwọ́ mi kan akèrègbè kékeré kan tí wọ́n fi àkísà dí lẹ́nu. Mo gbé e jáde. Ó ń ró wọ̀ràwọ̀rà. Mo fẹ́ tú u.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ni Màmá wí. "Kò sí nínú iye."

Mo gbé e sílẹ̀.

"Ìbejì ni oyún tí bàbá yín fi sílẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ jáde. Èkejì rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Òkúta tiwọn ni mò ń jù sínú akèrègbè yẹn lọ́tọ̀, látọjọ́ tí mo bí wọn. Ọjọ́ tí èkejì padà lẹ́yìn wa, mo dí i lẹ́nu. Nígbà tí bàbá yín dé láti Gáńnà, ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ọmọ òun tí òun kò rí lò. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mo gbé akèrègbè fún un. Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, ó kà á. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó tún dí i padà bó ṣe wà."

Mo ti dàgbà tó ọmọ ogún ọdún ó lé kí n tó gbọ́ pé ìbejì ni ìyá mi. Wọn kò sọ ọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó fi orúkọ ìbejì pe ìyá mi létí mi rí. Mo gbé akèrègbè náà padà sínú yàrá, a sì ń kà á lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òkúta tán. Mo ka òkìtì: ọgọ́rùn-ún géérégé. Mẹ́wàá péré ló ṣẹ́ kù lórí ẹní.

"Ọgọ́rùn-ún òkìtì igba," ni Màmá wí, wọn kò tilẹ̀ ronú. "Ọ̀kẹ́ kan. Ó lé mẹ́wàá."

Èmi ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó gbà á gbọ́: 20,010. Mo ń wò ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n ṣe níléèwé. Méjì pín in. Mẹ́ta pín in. Márùn-ún pín in. Ó wá ku ẹgbẹ̀ta lé mẹ́tàdínláàádọ́rin, ìyẹn 667. Méje kò lè pín in, mọ́kànlá kò lè pín in, mẹ́tàlá, mẹ́tàdínlógún, mọ́kàndínlógún, kò sí èyí tó pín in. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí mẹ́tàlélógún, ó là sí méjì bí obì: mẹ́tàlélógún lọ́nà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Màmá, ẹni mẹ́tàlélógún lè pín gbogbo ọjọ́ yín dọ́gba láìsí ìjà," ni mo wí.

Màmá gbójú sókè. "Mélòó lo pè?"

"Mẹ́tàlélógún."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka wọn. Wọ́n ka àwọn ọmọọmọ wọn, ọmọ kan tẹ̀ lé èkejì, láti ilé kan dé òmíràn. Wọ́n ka àwọn méjì tí Ọlọ́run ti gbà pẹ̀lú. Mẹ́tàlélógún ni wá.

"Mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹgbẹ̀rin lé àádọ́rin."

"Mo máa pín in," ni Màmá wí. Ohùn wọn rọ̀ gan-an. "Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a máa pín in. Kálukú á mú tirẹ̀."

Inú mi dùn wọ inú oorun. Mo sùn, mo ń lá àlá pé àwọn ọmọ ẹbí tò síwájú ilé, wọ́n ń gba ọjọ́ sínú igbá. Ìró kó! ló jí mi.

Mo sáré wọ yàrá. "Màmá, ẹ tún ti ju òkúta!"

"Ṣé ilẹ̀ kò mọ́ ni?"

"Kò ṣe é pín mọ́ nìyẹn. Ó ti di ọ̀kẹ́ kan lé mọ́kànlá. Bí a bá pín in fún ẹni mẹ́tàlélógún, ọ̀kan á ṣẹ́ kù."

"Wá iye ènìyàn mìíràn tó lè pín in, ìwọ olùkọ́."

Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú ìwé àti bírò. Méje pín in, ó ṣẹ́ ku márùn-ún. Mọ́kànlá, ó ṣẹ́ ku méjì. Mẹ́tàlá, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin. Mẹ́tàlélógún, ọ̀kan. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kan. Mo ń fo àwọn tí kò yẹ kí n yẹ̀ wò, nítorí bí mẹ́ta kò bá pín nǹkan, mẹ́sàn-án kò ní pín in. Síbẹ̀ mo ń lọ, mo ń lọ. Kùrukùru ká nílẹ̀, oòrùn gorí igi, ẹ̀kọ tí mo gbé kalẹ̀ dì. Màmá lọ sí ìrun Jímọ̀ lórí ọ̀kadà ọmọ aládùúgbò, wọ́n dé, wọ́n bá mi níbi tí wọ́n fi mí sí. Mo dé orí mẹ́tàdínláàádọ́fà, ó ṣẹ́ ku méjì, ó dùn mí bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe mọ́kàndínlógóje tán, mo fi bírò sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o dúró?" ni Màmá bi mí.

"Ó tán, Màmá. Kò sí ohun tó pín in. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹni ọ̀kẹ́ kan lé mọ́kànlá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

"O kò tíì dé igba. Báwo lo ṣe mọ̀ pé èyí tó lè pín in kò sí níwájú?"

Mo ronú bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. "Iye méjì ló máa ń jọ pín nǹkan, Màmá, bí ìlà àti iye tó wà nínú ìlà. Tí ọ̀kan bá pọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ kéré. Mọ́kànlélógóje lọ́nà mọ́kànlélógóje kò tó iye yìí, méjìlélógóje lọ́nà méjìlélógóje sì ti jù ú lọ. Nítorí náà, bí ẹni ńlá bá wà níwájú, ẹni kékeré rẹ̀ ti ní láti wà lẹ́yìn wa."

Màmá fi ìka to òkúta mélòó kan sí ìlà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí ọkọ bá wà níwájú, ìyàwó á ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Kò sì sí ìyàwó tó kọjá."

"Kò sí ẹyọ kan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi èjìká wọn láìní ohùn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ìṣirò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ nǹkan kan láìjẹ́ pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi.

"Tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, a ṣì lè pín in bí ẹ ṣe fẹ́," ni mo wí.

Màmá wo àwọn òkìtì náà. "Èwo ni kí n yọ? Wá bá mi yan èyí tí kì í ṣe ọjọ́ ayé mi níbẹ̀."

Mo pa ìwé mi dé.

"Kó wọn padà," ni wọ́n wí. "Mo ti mọ iye wọn, ìyẹn náà ni mo fẹ́."

Nígbà tí mo kó wọn padà sínú ìkòkò tán, oòrùn kò tíì wọ̀. Ara mi kò fẹ́ kúrò nídìí ìwé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn iye tó wà níwájú wò, mo sì lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń fi omi inú bùtá ṣe àlùwàlá.

"Màmá, irú rẹ̀ mìíràn ń bọ̀. Tí ẹ bá ń ju òkúta lọ, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

Wọ́n dá omi dúró lọ́wọ́. "O ti rí i?"

"Mo ti ṣírò rẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́wàá." Wọ́n fọ ojú wọn. "Sọ fún ìyá rẹ kó máa bọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ lọ rí i ní Ṣakí."

Ìyá mi kò gbà mí gbọ́ lórí fóònù, àmọ́ wọ́n gbé mọ́tò dé ní Sátidé. Òkúta ni ẹrù tó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí a kó. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, Màmá gbé akèrègbè kékeré náà lé itan, wọ́n fi gèlè bò ó.

Ní Ṣakí, wọ́n fún Màmá ní yàrá tó kọjú sí àpáta tí ìyá mi máa ń sá èlùbọ́ sí. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, Màmá á ju òkúta wọn, wọn á sì pè mí pé kí n wá sọ ìwà ọjọ́ náà fún wọn. Mo máa ń ti ṣe é sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí iye rẹ̀ jẹ́ ahun, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbà. Ní ọjọ́ Àìkú, ó di ọ̀kẹ́ kan lé ogún, ọ̀làwọ́ gidi: méje pín in, mọ́kànlá pín in, mẹ́tàlá pín in. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ó di ọ̀kẹ́ kan lé mọ́kànlélógún, gbogbo ilẹ̀kùn sì tì.

"Òun nìyí?" ni Màmá béèrè.

"Òun ni. Ṣùgbọ́n kò dá wá. Ọ̀tunla, òmíràn ń bọ̀ tó rí bákan náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní orúkọ tí wọ́n ń pe méjì tó bá súnmọ́ ara wọn báyẹn."

"Kí ni wọ́n ń pè wọ́n?"

Ohùn ìyá mi ló béèrè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, atẹ èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wo Màmá, mo tún wo ìyá mi.

"Ìbejì, mà," ni mo wí.

Ìyá mi gbé atẹ wọn, wọ́n jáde lọ sórí àpáta, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí èlùbọ́ ṣe pọ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Màmá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé, bí Màmá ṣe sálámà ìrun tán, ìyá mi wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ju tòní."

Màmá gbé òkúta sí wọn lọ́wọ́. Ìyá mi dì í mú títí ó fi gbóná kí wọ́n tó jù ú sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè akèrègbè èkejì wọn. Wọ́n tú àkísà ẹnu rẹ̀, wọ́n da òkúta rẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń gbá a ní márùn-ún márùn-ún bí ìyá wọn. Nígbà tó ku mẹ́rin, ọwọ́ wọn dúró. "Mi ò rántí rẹ̀ rárá," ni wọ́n wí, omi sì bọ́ lójú wọn. Màmá fà wọ́n mọ́ra, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ń rọra gbá ìyá mi lẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Mo rọra jáde, mo lọ bá wọn yí èlùbọ́.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣirò náà kò rọrùn sí i, àmọ́ kò sú mi mọ́. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ báyìí.

Màmá lo ọdún méjì àti díẹ̀ sí i ní Ṣakí. Ìyá mi ló ń mú òkúta wá fún wọn, ìyá mi ló sì ń bá wọn ṣírò iye rẹ̀ láràárọ̀ nígbà tí èmi kò sí nílé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, Màmá padà sùn lẹ́yìn ìrun, wọn kò jí. Mo dé láti iléèwé, a sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá mi mọ iye tó kẹ́yìn. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.